Wúrà Tó Dé Lẹ́yìn Tí Sunday Bada Ti Lọ

Wúrà mẹ́ta péré ni Nàìjíríà tíì gbà ní Òlíḿpíìkì. Bí ẹ bá dúró ní ibùdókọ̀ Anthony lójú ọ̀nà Ìkòròdú ní Èkó, tí ẹ bi àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ léèrè, wọn yóò ka méjì fún yín láìjanpata. Wọn yóò dárúkọ Chioma Ajunwa, ẹni tó fò jìnnà ju gbogbo obìnrin yòókù lọ ní Atlanta ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 1996. Wọn yóò dárúkọ ikọ̀ Kanu Nwankwo àti Jay-Jay Okocha, tó na Argentina 3-2 lọ́jọ́ kejì rẹ̀. Àwọn tó ti gbọ́n nígbà náà á tilẹ̀ sọ ilé ẹni tí wọ́n ti wo bọ́ọ̀lù ọ̀hún fún yín. Ìkẹta ni yóò mú wọn họ orí.

Ẹ má bá wọn wí. Ta ló rí i nígbà tí a gbà á? Ní Sydney, ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2000, nínú rìléè mítà 400 lọ́nà mẹ́rin, fàdákà ni wọ́n fi kọ́ Clement Chukwu, Jude Monye, Sunday Bada àti Enefiok Udo-Obong lọ́rùn. Orin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ, àsíá Amẹ́ríkà ló sì ga jù. Ó di oṣù Keje ọdún 2012 kí ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì àgbáyé tó kéde pé àwa gan-an la ni wúrà ìdíje náà. Oṣù méje ṣáájú ìkéde yìí ni Sunday Bada ti jáde láyé.

Oṣù Kẹfà ọdún 1969 ni wọ́n bí i. Mítà 400 ló yàn láàyò, èyí tí kì í ṣe eré ẹni tó ń gẹ ara rẹ̀. Mítà 100 á ti parí kí ara tó mọ̀ pé ìyà ń bọ̀. Ẹni tó ń sá mítà 800 láyè láti ronú díẹ̀. Mítà 400 ní tirẹ̀, ìyípo pápá kan gbáko ni, bẹ́ẹ̀ èèyàn gbọ́dọ̀ sá a ní àsápajúdé láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá ku nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mítà, itan á máa ta asáré bí ẹni fi ata pa á, apá kò ní fẹ́ jù mọ́, ọrùn á sì le. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ẹni tó múra sílẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó kàn ní ẹsẹ̀ lásán.

Ibi tí òkìkí Bada ti kọ́kọ́ kàn kì í ṣe irú pápá ìṣeré gbangba tí ọmọ Èkó máa ń rí ní Surulere. Abẹ́ òrùlé ni, lórí pápá tí gígùn rẹ̀ kò ju mítà 200 lọ, tí wọ́n gbé etí kọ́nà rẹ̀ sókè kí eré má baà gbé èèyàn jù síta. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń yí i po kí mítà 400 tó pé. Kọ́nà máa ń yá dé, àyè kì í sí, ìgbọ̀nwọ́ a sì máa gún ìhà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gba iwájú lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi ojú ìlà sílẹ̀ máa ń ṣòro láti kọjá. Nínú ìdíje àgbáyé ti abẹ́ òrùlé tó wáyé ní Toronto ní 1993, Bada ṣe ipò kejì sí Butch Reynolds ará Amẹ́ríkà, ẹni tí àkọsílẹ̀ ayé fún mítà 400 wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà. Ní Barcelona ní 1995, ipò kejì náà ló tún ṣe. Nígbà tó di oṣù Kẹta ọdún 1997 ní Paris, kò gbà fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ó parí ní ìṣẹ́jú àáyá 45.51, Jamie Baulch ará Wales sì tẹ̀ lé e. Láàárín ọdún mẹ́rin, ó ti gba àmì ẹ̀yẹ mẹ́ta, èyí tó kẹ́yìn sì jẹ́ wúrà.

Èmi rò pé ká ní ìgbà mìíràn ni Bada sáré, orúkọ rẹ̀ ì bá rinlẹ̀ jù báyìí lọ. Ṣùgbọ́n ìgbà Michael Johnson ló bọ́ sí. Ará Texas yẹn gba mítà 400 ti àgbáyé ní 1993, 1995, 1997 àti 1999, ó gba ti Òlíḿpíìkì ní Atlanta, ó tún gbà á ní Sydney. Ní ìlú Seville ní 1999, ó sá a ní 43.18. Gbogbo ẹni tó ń sá mítà 400 láyé nígbà náà, ẹ̀yìn ọkùnrin kan yìí ni wọ́n ń wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ rẹ̀ sọ́kàn, nítorí pé yóò padà wá sínú ọ̀rọ̀ yìí gba ọ̀nà tí òun alára kò rò.

Nínú rìléè, eré tí ẹni mẹ́rin ń fi ọ̀pá lé ara wọn lọ́wọ́, ni Bada ti rí ohun tí eré àdáṣe fi dù ú nínú pápá gbangba. Ní ìlú Gothenburg ní Sweden ní 1995, òun pẹ̀lú Kunle Adejuyigbe, Jude Monye àti Udeme Ekpenyong gba idẹ nínú ìdíje àgbáyé, ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú àáyá 3.18 ni wọ́n fi parí. Ó ti lọ sí Òlíḿpíìkì Barcelona ní 1992, ó tún lọ sí Atlanta. Nígbà tí Sydney fi máa dé, ó ti pé ọmọ ọdún 31. Ní ọjọ́ orí yẹn, ọ̀pọ̀ asáré mítà 400 ti ń wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Láìpẹ́ yìí mo dúró wo àwọn ọmọ iléèwé kan ní àdúgbò Anthony tí wọ́n ń múra intahaosì. Olùkọ́ wọn ti gé páìpù omi funfun sí mẹ́rin, ó sì lẹ téèpù mọ́ wọn: pupa, búlúù, yẹ́lò, gíríìnì, ọ̀kan fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló fẹ́ wà ní ipò kẹrin, nítorí ẹni tó bá kọjá ìlà ìparí ni wọ́n máa ń gbé sọ́rùn. Àwọn tó yára fẹ́ ipò kìíní kí ìyá wọn lè rí bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n fi sí ipò kẹta ń sunkún. Ó ní wọ́n ti kà á sí ẹni tí kò mọ eré sá. Olùkọ́ náà kò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ohun tó sọ fún un ni pé kó má wojú ẹni tó ń gbé ọ̀pá bọ̀, ọ̀pá ni kó máa wò, kó sì ti máa sáré kó tó gbà á. “Bí o bá dúró de ọ̀pá,” ó ní, “ọ̀pá á pẹ́ lọ́wọ́ yín.”

Ìmọ̀ràn gidi ni. Nínú rìléè mítà 100 lọ́nà mẹ́rin, ẹni tó ń gba ọ̀pá kì í wẹ̀yìn. Ọwọ́ lásán ló ń nà sẹ́yìn. Ti mítà 400 kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti rẹ ẹni tó ń bọ̀ tẹnutẹnu, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè já a kulẹ̀ nígbàkígbà, nítorí náà ẹni tó ń gba ọ̀pá gbọ́dọ̀ máa wò ó, kó sì díwọ̀n bí agbára rẹ̀ ṣe kù sí. Mítà 20 ni àyè tí òfin fún wọn láti fi ṣe pàṣípààrọ̀ náà. Ẹni kìíní wà lójú ìlà tirẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹni kejì wà nínú tirẹ̀ títí ó fi kọjá kọ́nà àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà gbogbo wọn á rọ́ wọ inú. Fún ẹni kẹta àti ẹni kẹrin, kò sí ojú ìlà ẹnìkan mọ́. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bá ṣe tò sí ibi mítà 200 ni àwọn adájọ́ pápá ṣe ń to àwọn tó ń dúró de ọ̀pá. Ẹni tí ikọ̀ rẹ̀ wà níwájú á dúró sínú, ìyókù á sún síta. Ẹni kẹta ló ń wọnú rúkèrúdò yìí lẹ́ẹ̀mejì: ìgbà tó ń gbà á àti ìgbà tó ń fún ẹlòmíràn. Tó bá ṣe é dáadáa, kò sẹ́ni tí yóò rántí rẹ̀. Tó bá ṣe àṣìṣe, títí ayé ni wọn yóò máa fi hàn nínú fídíò.

Ipò kẹta ni Bada dúró sí ní Sydney. Ẹni tó ń dúró dè é, Udo-Obong, ọmọ ọdún 18 ni.

Àṣálẹ́ ni ní Australia nígbà tí wọ́n sá àṣekágbá náà, àmọ́ òwúrọ̀ ni ní Èkó, nítorí wákàtí mẹ́wàá ni wọ́n fi ṣíwájú wa. Ọjọ́ náà sì jẹ́ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, ọjọ́ ìmọ́tótó àyíká, tí ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ rìn kí aago mẹ́wàá tó lù, tí oníkálukú ń kó gọ́tà iwájú ilé rẹ̀. Ọ̀la rẹ̀ ni Nàìjíríà máa pé ogójì ọdún tó ti gba òmìnira. A kò tíì gba wúrà kankan láti ìgbà tí Òlíḿpíìkì yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Gloria Alozie ti gba fàdákà níbi tí wọ́n ti ń sáré fo igi, Ruth Ogbeifo ti gba fàdákà nínú irin gbígbé. Rìléè ló kù.

Amẹ́ríkà ti lọ tipẹ́. Alvin Harrison fún Antonio Pettigrew, Pettigrew fún Calvin Harrison tí í ṣe ìbejì Alvin, Calvin fún Michael Johnson, wọ́n sì parí ní ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú àáyá 56.35. Ipò kejì ni ìjà wà. Bada sáré tirẹ̀, ó gbé ọ̀pá lé ọmọkùnrin náà lọ́wọ́, ọmọkùnrin náà sì lé Jàmáíkà bá lójú ọ̀nà tààrà tó kẹ́yìn. Nàìjíríà, 2:58.68. Jàmáíkà, 2:58.78. Ó di Òlíḿpíìkì Tokyo ní 2021, tí Botswana sáré jù ú lọ, kí iye yẹn tó kúrò nínú àkọsílẹ̀ Áfíríkà gẹ́gẹ́ bí èyí tó yá jù. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni àlàfo tó wà láàárín àwa àti Jàmáíkà: ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Lọ́jọ́ yẹn, fàdákà ló fi yàtọ̀ sí idẹ. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé wúrà gan-an ló wà nínú ẹ̀. Bí ọ̀pá bá ti pẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́rin náà, àwọn ará Kingston ni ìbá máa sọ ìtàn yìí.

Ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ rú jáde nítorí ẹni tí kò tilẹ̀ sá àṣekágbá. Jerome Young wà nínú ikọ̀ Amẹ́ríkà ní àwọn ìpele ìṣáájú. Àyẹ̀wò ti fi hàn ní 1999 pé ó lo oògùn tí òfin eré ìdárayá kà léèwọ̀, ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ eré ìje ìlú rẹ̀ dá a sílẹ̀. Nígbà tí àṣírí tú, àjọ eré ìje àgbáyé, IAAF, ní 2004 sọ pé ikọ̀ náà lápapọ̀ ti pàdánù wúrà. Àwọn ará Amẹ́ríkà gbé ẹjọ́ lọ sí ilé ẹjọ́ eré ìdárayá tó wà ní Lausanne, ní 2005 ilé ẹjọ́ náà sì dá wúrà padà fún wọn. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2008, Pettigrew búra ní ilé ẹjọ́ ní San Francisco, nínú ẹjọ́ olùkọ́ni Trevor Graham, ó sì jẹ́wọ́ pé láti 1997 lòun ti ń lo oògùn agbára. Èyí kò ṣeé bò mọ́, nítorí òun ló sá ipò kejì nínú àṣekágbá gan-an. Michael Johnson sọ fáyé pé òun yóò dá wúrà tòun padà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì gbà á lọ́wọ́ gbogbo wọn. Àwọn ìbejì Harrison pàápàá ti jìyà ẹ̀sùn oògùn tiwọn ní 2004.

Gbígbà lọ́wọ́ olè kì í ṣe fífún olóhun, ó kéré tán kì í ṣe lọ́jọ́ kan náà. Ọdún mẹ́rin mìíràn ló tún kọjá kí wọ́n tó kéde pé ti Nàìjíríà ni. Pettigrew kú ní oṣù Kẹjọ ọdún 2010. Bada, tó ti di olùdarí ọ̀rọ̀ ìmọ̀ eré ní àjọ eré ìje Nàìjíríà, AFN, kú ní Èkó ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 2011. Ẹni tó sọ wúrà náà nù fún ikọ̀ rẹ̀ àti ẹni tó yẹ kó gbà á, ọmọ ọdún 42 ni àwọn méjèèjì nígbà tí ọlọ́jọ́ dé.

Àwọn kan máa ń sọ pé kò burú, ó ṣáà ti wà nínú ìwé ìtàn. Èmi kò gbà. Ohun tí wúrà ń ṣe fún eléré ìdárayá, ọdún méjì mẹ́ta àkọ́kọ́ ló ń ṣe é: owó ìpolówó ọjà, ìkíni láti ọ̀dọ̀ ìjọba, àwọn olùṣètò ìdíje tó ń fi owó bẹ èèyàn kó wá. Ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2012 kò lè padà lọ fi owó ọdún 2000 sí àpò ẹnikẹ́ni. Kò sì lè kọ orin orílẹ̀-èdè fún olóògbé.

Ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ kò tán nínú eré rìléè yìí. Nínú mítà 100 lọ́nà mẹ́rin ti Tokyo ní 2021, àwọn ará Ṣáínà, Tang Xingqiang, Xie Zhenye, Su Bingtian àti Wu Zhiqiang, ṣe ipò kẹrin ní 37.79. Su, ẹni tó sá mítà 100 ní 9.83 ní Òlíḿpíìkì kan náà, ọmọ ọdún 31 ni, bíi ti Bada ní Sydney. Nígbà tí wọ́n rí oògùn lára CJ Ujah, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Bìrìtìkó tó gba fàdákà, wọ́n gba fàdákà lọ́wọ́ gbogbo ikọ̀ rẹ̀ ní 2022, idẹ sì kan Ṣáínà, èyí àkọ́kọ́ tí àwọn ọkùnrin wọn gbà nínú rìléè Òlíḿpíìkì. Kò gbà ju oṣù díẹ̀ lọ. Nàìjíríà gba ọdún méjìlá. Mo mọ̀ pé òfin ti yí padà láàárín ìgbà méjèèjì, àyẹ̀wò sì ti yá sí i, síbẹ̀ ìyàtọ̀ náà ń dunni.

Kí a má sì rò pé àwa ni a máa ń jẹ èrè nígbà gbogbo. Oludamola Osayomi, ọmọ Ilẹ́ṣà, wà nínú ikọ̀ rìléè obìnrin tó gba idẹ ní Òlíḿpíìkì Beijing ní 2008, èyí tó di fàdákà lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ nígbà tí wọ́n mú ará Rọ́ṣíà kan tó lo oògùn. Osayomi yìí kan náà gba wúrà mítà 100 nínú Ìdíje Kọmọnwẹ́ẹ̀tì ní Delhi ní 2010, wọ́n sì gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan nítorí oògùn tí wọ́n rí nínú àyẹ̀wò tirẹ̀. Nínú Ìdíje Kọmọnwẹ́ẹ̀tì ti Birmingham ní 2022, Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, gba wúrà fífo igi, ó sì sá ipò kìíní nínú rìléè obìnrin tó gba wúrà ní 42.10. Wúrà rìléè náà ti lọ báyìí. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin ni àyẹ̀wò dá lẹ́bi, gbogbo wọn ló sì pàdánù. Ipò tí Michael Johnson wà ní 2008 ni Amusan wá bá ara rẹ̀ yìí: ó sá eré tirẹ̀ pé, a sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ibi tí àyẹ̀wò wa dúró sí ló yẹ kó máa ká wa lára jù. Ní Òlíḿpíìkì Tokyo ní 2021, mẹ́wàá nínú àwọn eléré ìje wa ni wọn kò jẹ́ kí wọ́n díje rárá, torí pé àyẹ̀wò tó yẹ kí wọ́n ti ṣe fún wọn ní ilé kò pé. Wọn kò ní wọ́n lo oògùn. Ìwé ni kò pé. Ẹni tó bá ti rí bí ọ̀rọ̀ Sydney ṣe lọ yẹ kó mọ iye tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń ná èèyàn.

Kì í sì í ṣe ìwé nìkan ni kò pé nílé. Ẹ wo pápá ìṣeré Surulere, èyí tí wọ́n kọ́ nítorí Ìdíje Gbogbo Áfíríkà ti 1973. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi jẹ́ kí ibẹ̀ bàjẹ́. Nígbà tí a fẹ́ yan àwọn tó máa lọ Tokyo ní 2021, pápá Yabatech ni wọ́n ti sáré. Ní ìdàkejì, mo kà á pé lẹ́yìn tí Botswana gba mítà 400 lọ́nà mẹ́rin ti àgbáyé ní Tokyo ní 2025, ìjọba wọn fún gbogbo ìlú ní ọlidé. Wọ́n rí wúrà tiwọn pẹ̀lú ojú wọn.

Bí wọ́n bá máa kọ orúkọ àwọn tó gba tiwa sára ògiri kan ní Surulere, bí mo ṣe rò pé ó yẹ, kí wọ́n má kọ mẹ́rin. Nduka Awazie àti Fidelis Gadzama ló sáré ní àwọn ìpele ìṣáájú ní Sydney kí ikọ̀ náà tó dé àṣekágbá. Wọn kò sí nínú àwòrán kankan tí wọ́n yà lórí pèpéle lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n wúrà kan náà ló kàn wọ́n. Mẹ́fà ni wọ́n.